Àìsùn kì í mọ́ni lára o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "wákàtí mẹ́rin tó mi, ó ti mọ́ mi lára", ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ mi ná. Mo mọ bó ṣe ń rí l'Ékòó, ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ síṣẹ́ ní Island gbọ́dọ̀ ti jáde nílé láago mẹ́rin àárọ̀ kí gosíló má bàa ká a mọ́nà, ilẹ̀ á sì ti ṣú tipẹ́ kó tó wọlé, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n kò mọ́ wa lára rárá, a kàn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ ni.

Wọ́n ti dán an wò ní Yunifásítì Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Wọ́n ní káwọn kan máa sun wákàtí 4 lálẹ́, àwọn kan 6, àwọn kan 8, fún ọjọ́ 14 gbáko. Àwọn tó ń sun 4 àti 6, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọpọlọ wọn ń lọ́ra sí i, títí tí ti àwọn kan fi dà bíi ti ẹni tí ò fojú kan oorun fún òru méjì. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní oorun ń kùn àwọn díẹ̀ ni. Wákàtí 6 mà wà níbẹ̀ o, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní oorun gidi!

Ẹ tún wo iṣẹ́ téèyàn ti ń fò látorí ìkan bọ́ sórí èkejì. Kódà ẹni tó sùn dáadáa, tó bá fi ìṣirò sílẹ̀ tó kọjú sí nǹkan míì, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọpọlọ ẹ̀ tó ju ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ kó gbá èkejì mú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Ítálì, èsì jáde lọ́dún 2010, àwọn tí ò sùn lóru kan ṣoṣo, ìdádúró yẹn gùn sí i, àṣìṣe wọn náà sì pọ̀ sí i.

Èmi náà ti rí i. Mo ń ṣe POS nígbà kan, oorun wákàtí mẹ́rin ni mo fi ń ṣe é. Ẹnì kan fẹ́ gba 5,000, ẹlòmíì fẹ́ fi 15,000 ránṣẹ́, fóònù dún, mo gbé e, ni mo bá ka 15,000 lé ẹni àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ojú mi là kedere o, mi ò tiẹ̀ yán.

Kọfí ńkọ́? Kọfí kàn ń dínà mọ́ adenosine, èròjà inú ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, gbèsè oorun ṣì wà ńlẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí oorun kúkúrú mọ́ wà lóòótọ́, wọ́n ti rí jíìnì tó ń fà á, ṣùgbọ́n wọn ò wọ́pọ̀ rárá, kò lè jẹ́ gbogbo àdúgbò.

Tẹ́ ẹ ò bá sùn tó, tówó sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ parí ti kọ́sítọ́mà kan kẹ́ ẹ tó dá èkejì lóhùn, kí fóònù máa dún ná.