WD-40 kọ́ ni gíríìsì ilẹ̀kùn gáréèjì

Láàárín àwa Yorùbá tí a ní ilé sí Amẹ́ríkà, ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé bí ẹ̀rọ tí ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì bá ti ń han, kí a ṣáà fọ́n WD-40, ohun olómi inú agolo tí a ń tẹ̀ fọ́n, sí i. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé ariwo náà máa ń rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀; ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, yóò ti padà, yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Orúkọ WD-40 fúnra rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Lílé omi kúrò (Water Displacement lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni ìtumọ̀ lẹ́tà méjèèjì, 40 sì ni iye ìgbà tí àwọn tí ó ṣe é sọ pé àwọn dán àpòpọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó bọ́ sí i. San Diego ni wọ́n ti ṣe é ní 1953, kí ìpẹtà má baà mú ara Atlas, ohun ìjà Amẹ́ríkà tí ń fò bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ni ó ń pa ariwo. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ń yọ́ ọ̀rá ni, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá ti dúró ní sọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí mọ̀ pé bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ irin tí gíríìsì ti dì mọ́, kò sì sí mẹkáníìkì tí yóò fọ̀ ọ́ tán tí yóò ní òun ti fi gíríìsì sí i.

Ẹ̀rọ oní-síkúrúù ni àṣìṣe yìí ń bà jẹ́ jù. Ọ̀pá irin gígùn kan ni wọ́n gé ojú síkúrúù sí lára. Bí mọ́tọ̀ ti ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó di apá ilẹ̀kùn mú ń wọ́ lọ lórí rẹ̀. Bí gíríìsì àárín wọn bá ti yọ́ dànù, eyín ohun tí ń rìn náà ni ọ̀pá yóò máa jẹ. Nígbà tí mo gun àkàbà lọ wo tèmi, gíríìsì àtijọ́ ti dúdú bí ọ̀dà níbì kan, irun ajá sì há sínú rẹ̀. Níbi tí mo máa ń fọ́n WD-40 sí, irin ti gbẹ táútáú.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, mo wá fọ́n WD-40 sí àkísà, mo fi nu ọ̀pá náà títí ojú rẹ̀ fi mọ́. Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo fi gíríìsì tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ ra á fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn lọ sókè-sódò nígbà mélòó kan kí ó lè kárí. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi tirẹ̀ kùn ún bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ lára lásìkò ọyẹ́. Nígbà tí yìnyín dé, gbogbo rẹ̀ dì gbagidi, mọ́tọ̀ sì ń kérora. Ojú irin tí táyà kéékèèké ilẹ̀kùn ń gbà kò fẹ́ gíríìsì rárá, àkísà ti tó o. Sípíríǹgì orí ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ má tú u. Ó lè ṣá ènìyàn pa.

Agolo WD-40 mi ṣì wà ní gáréèjì, ṣùgbọ́n inú garawa àkísà ni mo gbé e sí báyìí.