Èsì wa fún oníbàárà tó ra pickup símbálì

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀gbọ́n wa ní Lugbe. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé símbálì yín ń dún bí agolo mílíìkì nínú sípíkà, pé ó máa ń kùn tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, àti pé ọ̀kan nínú pickup, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ lẹ̀ mọ́ símbálì kí ìró rẹ̀ lè dé sípíkà, já bọ́ láàárín orin ìyìn. Ẹ ní pickup náà ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jù ú nù.

Nínú fọ́tò tí ẹ fi síbẹ̀, inú míkísà ni waya rẹ̀ wọ̀ tààrà. Ibẹ̀ ni wàhálà yín pọ̀ sí jù. Pickup yìí kì í gbọ́ afẹ́fẹ́ bíi maikirofóònù. Bí idẹ ṣe ń gbọ̀n ló ń gbọ́, agbára iná tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Ìdènà iná (impedance) ojú line, ihò tí waya ń wọ̀ lára ọ̀pọ̀ míkísà, kì í ju bíi 10 kilo-ohm lọ, bẹ́ẹ̀ 1 mega-ohm (1,000 kilo-ohm), ó kéré tán, ni pickup ń fẹ́. Tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á ti pòórá kó tó dé sípíkà, tín-ín-rín tó kù lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ fi active DI, àpótí kékeré tó ń lo iná, tó ń gba ìró pickup kó tó wọ míkísà, sáàárín wọn. Active o! Passive, èyí tí kì í lo iná, tí wọ́n máa ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tówó rẹ̀ wálẹ̀, kì í tó o.

Waya tí ẹ fi fà á gùn jọ waya sípíkà lójú wa. Kò ní ìbora nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń kó kíkùn iná 50 Hz wọlé. Waya gìtá tó kúrú ni kí ẹ lò, kó má bá waya iná rìn.

Èyí tó já bọ́, etí crash, símbálì tí wọ́n ń gbá kó dún gbàà, lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Etí ló ń jù jù tí ẹ bá gbá a, kò sí téèpù tó lè dúró níbẹ̀, ẹrù etí sì máa ń pa ìró símbálì. Abẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, nítòsí bell, ibi tó yọ sókè láàárín símbálì. Ẹ kọ́kọ́ fi sípíríìtì nu ibẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ̀yin náà mọ eruku Àbújá. Ẹ di waya mọ́ sítáǹdì, kó rọ̀ díẹ̀. Ẹ má lo súpáàgúlù láéláé. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i ló máa fọ́.

Ní tiwa, crash yín ò nílò ẹ̀rọ rárá nínú gbọ̀ngán tí páànù rẹ̀ wálẹ̀ tó báyẹn. Ìró rẹ̀ tó ń fọ́n ká, maikirofóònù tí a gbé kọ́ sókè ló ń gbé e dáadáa. Pickup á kàn sọ ọ́ di agogo. Ride, símbálì tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá lù léraléra bí orin ṣe ń lọ, ni kí ẹ fi í sí. Tí ẹ bá ń lù ú jẹ́jẹ́ nígbà àdúrà, gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá kàn án ló máa jáde ketekete, mọ́nítọ̀, sípíkà tó kọjú sí ẹ̀yin tó ń ṣeré, kì í sì í tètè hó.

Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Wuse, ẹ mú ride yín dání. Active DI wà níbí, a ó jọ dán an wò. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a ó dá owó yín padà. Ẹ má gbàgbé rìsíìtì.