Táyà Fífẹ̀ Kọ́ Ló Ń Di Títì Mú: Ọ̀rọ̀ Rímù Porsche Àtijọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Porsche 911 àwọn ọdún 1960 sábà máa ń kánjú yọ rímù ìnṣì 15 rẹ̀ kúrò, kó fi 17 tàbí 18 rọ́pò rẹ̀, kó sì wá táyà tó fẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ bi í léèrè ìdí, á ní kó lè máa di títì mú ni. Tó bá sọ pé torí ẹwà ni, mi ò ní bá a jiyàn, òun ló ni mọ́tò rẹ̀. Ti dídi títì mú yìí ni mo fẹ́ bá a yanjú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 911 ti ọdún 1964 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,080. Ká gbàgbé ná pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ká pín ẹrù náà dọ́gba: 270 ló kan táyà kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ inú táyà ń gbé nǹkan bíi kìlógíráàmù méjì lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Tí a bá fi 2 pín 270, á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 135. Ibi tí táyà kan ti kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà ọkùnrin lọ. Ẹ wá fi táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà bó ṣe wà. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn á gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́, á sì kúrú níwájú àti lẹ́yìn. Ìrísí rẹ̀ ló yí padà, títóbi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹrù tó wà lórí táyà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń pinnu ìyẹn.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìgbàgbọ́ náà o. Lórí títì gbígbẹ, ìrísí tó gbòòrò yẹn máa ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ ní kọ́nà, pàápàá tí rọ́bà táyà náà bá rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n yà fún un ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Mọ́tò ọdún 1960 máa ń tẹ̀ gan-an ní kọ́nà, táyà rẹ̀ á sì bá a tẹ̀. Táyà tín-ín-rín tí ejìká rẹ̀ rí róbótó fara mọ́ ìtẹ̀ yẹn, ó sì ń fi tó awakọ̀ létí díẹ̀díẹ̀ pé òun ti fẹ́ máa yọ̀. Táyà fífẹ̀ tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ á gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, á fi ẹ̀gbẹ́ kejì rìn, ìgbà tó bá sì máa yọ̀, kì í kìlọ̀. Ní 911 tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ìyẹn kì í ṣe eré. Tí òjò bá wá rọ̀, omi tí táyà fífẹ̀ ní láti tì kúrò níwájú pọ̀ ju ti tín-ín-rín lọ.

Jaguar E-Type jáde ní Geneva ní 1961, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé ó lè sá máìlì 150 ní wákàtí kan. Táyà 6.40-15 ló wọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 163 ní fífẹ̀. Corolla tí ọ̀pọ̀ yín ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ń wọ 195. Lotus Elan ti 1962 ńkọ́? Táyà rẹ̀ kò kọjá 155. Síbẹ̀ Gordon Murray, ẹni tó ya mọ́tò eléré sísá tí wọ́n ń pè ní McLaren F1, sọ ọ́ ní gbangba pé ó dun òun pé sítíárìn F1 kò lè dùn tó ti Elan.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn: “Ṣebí Porsche fúnra wọn ń fẹ táyà 911 lọ́dọọdún!” Bẹ́ẹ̀ ni. Rímù Fuchs tó wà lára 911S nígbà tó kọ́kọ́ jáde fẹ̀ ní ìnṣì 4.5. Nígbà tí Carrera RS ti ọdún 1973, tí òun náà jẹ́ irú 911 kan, fi máa dé, ti iwájú ti di 6, ti ẹ̀yìn ti di 7. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tí wọ́n ṣe. Fún ọdún 1969, wọ́n na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn ní mìlímítà 57 kí ọkọ̀ náà lè fara balẹ̀. Lára RS, wọ́n fẹ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, wọ́n fi ìrù pẹ́pẹ́yẹ lé ìdérí ẹ́ńjìnì kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n sì gé ìwọ̀n rẹ̀ kù débi pé èyí tó fúyẹ́ jù jẹ́ kìlógíráàmù 960. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìnṣì 15 náà ni rímù rẹ̀. Ẹni tó ra rímù 18 lọ́jà kò ṣe ìkankan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí.

Fuchs yẹn gan-an, torí kó lè fúyẹ́ ni wọ́n ṣe fi álọ́ì ṣe é. Rímù àti táyà wà nísàlẹ̀ sípírínǹgì. Tí wọ́n bá fò lórí gegele, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè padà wálẹ̀, nítorí táyà tó wà lókè kò di nǹkan kan mú. Álọ́ì 18 pẹ̀lú táyà rẹ̀ sì máa ń wúwo ju 15 àtijọ́ lọ. Sítíárìn 911 kò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí i títí di ìgbà 964, ìyẹn ìran 911 tó dé ní nǹkan bí ọdún 1989, nítorí náà apá yín ló máa san gbèsè fífẹ̀ yẹn nígbà tí ẹ bá ń páàkì. Ká má tíì sọ ti kòtò. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tò lójú ọ̀nà Badagry láti 1975 (ìyá kan náà ló bí òun àti Porsche, tí a bá tọ ìtàn lọ sẹ́yìn) fi táyà tín-ín-rín rẹ̀ tó ga rìn lọ́nà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbé rímù 18 tí táyà rẹ̀ kúrú gba ibẹ̀ lónìí, kí ẹ sì mọ ilé ẹni tó ń na rímù.

Àwọn mìíràn fi rímù 15 sílẹ̀, wọ́n wá ra táyà kúkúrú. 165 R15 àtijọ́ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 64.5 látòkè délẹ̀. 195/50 R15 (195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100 fífẹ̀ náà, 15 sì ni ìnṣì rímù) jẹ́ 57.6 péré. Mítà yóò sọ pé ẹ ń sá 100, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì pé 90, ẹ́ńjìnì á sì máa pariwo lásán.

Fún 911 ti 1969 sí 1973 tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé fẹ́ńdà rẹ̀, rímù 15 tó fẹ̀ ní 5.5 tàbí 6 pẹ̀lú táyà 185/70 ni kí ẹ wá. Michelin ṣì ń ṣe XWX ní ìwọ̀n yẹn, Pirelli náà ń ṣe CN36. Wọ́n wọ́n gan-an, mi ò ní tan yín. Kí ẹ tó sanwó fún ti tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó níbi tó bá jókòó sí, bí gígé ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn. Tó bá sì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré lẹ bá níbẹ̀, ọdún 2000 kò tíì dé nígbà tí wọ́n ṣe táyà yẹn.