Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Sára Pátákó

Ọjọ́rú la máa ń fi ojú-ìwé ìwé ìròyìn yìí ránṣẹ́ láti Ìkòròdú níbí sí àwọn tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú. Ní Ọjọ́rú kan báyìí, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọkùnrin tó ń bá wa to ojú-ìwé tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ, ó káwọ́ gbera, ó ń wo kọ̀ǹpútà. Ìlà tó ń fi hàn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ rìn dé 11, ó dúró. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó di 12. Iná wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an sì jẹ́ ìyanu. Ráútà ń ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ. A pe iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gba nọ́ńbà wa, ó ní ká dúró ná, ni orin bá bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ó ní, “Ẹ má bínú sà, ẹ ti lò kọjá fair usage yín, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi sí i.” A ní, ṣebí unlimited, èyí tí kò lópin, la sanwó rẹ̀? Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, unlimited ni, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ.”

Aago mẹ́wàá ti lù nígbà tí ọmọ náà kó iṣẹ́ sínú fláàṣì, ó tì í bọ àpò àyà, ó wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ sí garéèjì, ó wọ mọ́tò Mile 12, ibẹ̀ ló ti wá mọ́tò míì lọ sí Ṣómólú. Ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ kejì. Nínú àwọn tó rà á, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé inú àpò ẹ̀wù ló gbà dé ọ̀dọ̀ òun.

Tó bá jẹ́ tiwa nìkan ni, à bá pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀wútù títí dé Odógùnyàn, ibi tí a bá yà sí, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìkòròdú mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń náwó sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Láti ìparí ọdún 2015 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná ìlú yìí, síbẹ̀ ẹni tó bá ní iṣẹ́ ní Erékùṣù tí kò jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ojú ọ̀nà ni oòrùn á ti bá a. Àwọn tí ọ̀gá wọn gbà fún wá ń fi ilé ṣe ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà níbí, ń wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan sì wà ní Ìgbógbó tó ń gé fídíò ìgbéyàwó. A bá a lọ́jọ́ kan tó ń sùn lórí àga, aago fóònù rẹ̀ wà ní aago méjì òru, torí ìgbà yẹn ló rò pé íntánẹ́ẹ̀tì á fi ojú ire wo òun. Ìyá ìyàwó ń pè é láti Lọ́ńdọ̀nù pé ṣé ó ti jẹ owó òun ni. Àwọn ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois, àwọn tí Netflix kó ohun èlò fún lọ́dún 2020 nítorí fídíò tí wọ́n fi ohun èlò inú ilé ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni ayé ti rí wọn. Ìlú yìí ní ẹ̀bùn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ síta. Ọ̀nà tó máa gbà lọ ni wọ́n ń fún lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 100GB ni wọ́n fún ilé kan kí wọ́n tó dín eré rẹ̀ kù. Fíìmù wákàtí kan tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB. 100GB yẹn kò wá ju fíìmù wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ, ìyẹn wákàtí kan àti díẹ̀ lójúmọ́ fún bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ, láì tíì ka iṣẹ́ iléèwé, láì ka WhatsApp, láì ka kọ̀ǹpútà tó máa ń dédé dáńlóòdù nǹkan fún ara rẹ̀ lóru nígbà tí onílé ń hanrun. Oṣù á ṣì wà ní ìdajì tí ó ti tán. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò ní já a o. Wọ́n á kàn dá a dúró sí 512 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní eré yẹn, 1GB péré á gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Fídíò ìgbéyàwó tó jẹ́ 4GB á gba wákàtí mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá fi fláàṣì sápò kúrò ní Ìkòròdú á ti dé Ìbàdàn, á ti jẹ àmàlà, á ti kí àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀, á sì ti padà wálé kí fídíò náà tó wọlé tán.

Ní ọjà Ṣábó, ìyá tó ń ta gàrí gbé kọ́ńgò rẹ̀ síta. Gbogbo wa la mọ òkìtì tó máa ń fi ọwọ́ kó lé e lórí, gbogbo wa la sì mọ àwọn tó ń lu ìdí kọ́ńgò wọnú kó má baà gbà púpọ̀. Tí ọwọ́ bá tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyálọ́jà á gbọ́, ìtìjú ọjọ́ náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí oníṣòwò kan ní ọjà yẹn tó kọ “gàrí àjẹyó” sára pátákó, tó gba owó àjẹyó, tó tún wá di oníbàárà lọ́wọ́ mú ní ṣíbí kẹwàá pé ó tó gẹ́ẹ́.

Pátákó tí à ń wí yìí wà lójú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà. Ìdílé kan ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, eyín wọn funfun báláú. Lẹ́tà “UNLIMITED” tóbi tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn lẹ́tà kan wà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Olóòtú yìí wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn, títí oníkẹ̀kẹ́ kan fi fọn fèrè tó sì bi í bóyá ayé ti sú u. Ohun tó rí kà kò ju pé “òfin àti ìlànà wà” lọ. Òfin wo? Ìlànà wo? Kò sí níbẹ̀.

A ò ní purọ́ mọ́ àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà, etíkun Èkó ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń gúnlẹ̀ sí, MainOne láti 2010, àwọn míì náà sì tẹ̀ lé e. Ohun tó ń wọlé níbẹ̀ pọ̀. Ibi tó ti há ni ìrìn tó kẹ́yìn, láti orí òpó gogoro dé yàrá oníbàárà, torí gbogbo àdúgbò ló jọ ń fa nǹkan kan náà láti orí òpó kan. Bí ẹnì kan bá ń dáńlóòdù tọ̀sán-tòru, ilé kẹta á mọ̀ ọ́n lára. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, a gbà. Dísù tí wọ́n ń dà sẹ́nu jẹnẹrétọ̀ òpó wọ́n. Katakata tó ń la ọ̀nà a sì máa já okùn wọn láì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. (Iléeṣẹ́ iná Egbin tó lágbára mẹ́gáwáàtì 1,320 wà ní ìtòsí wa níbí, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ni òpó íntánẹ́ẹ̀tì wa gbára lé. Létí odò là ń gbé, itọ́ la fi ń bọ́jú.) Àwọn kan náà sì wà láàárín wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tó ra ti ilé kan ṣoṣo tó ń fi ta wáyífáì fún gbogbo ilé tó yí i ká, tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn lósẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti da àdéhùn, kí wọ́n bá a wí.

Ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe máa purọ́ fún ẹni tó ń wo fíìmù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀? Tí ohun tí ẹ ní kò bá ju 100GB lọ, ẹ pè é ní 100GB, kí ẹ sì ta á bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ẹ má wọn ọjà yín. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ẹ gbé kọ́ńgò pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Èyí tó tún wá dunni jù ni ti àdéhùn. Lẹ́yìn tí a pè wọ́n nígbà mẹ́ta, tí a kọ ímeèlì méjì, èsì wọn dé: àwọn ti fòpin sí àdéhùn wa nítorí “lílò tó kọjá bó ṣe yẹ”. Owó oṣù mẹ́ta la san sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò. Ráútà tí a fi owó ara wa rà ti di ohun tí a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má fẹ́ ẹ lọ, torí wọ́n ti tì í pa, kò lè bá iléeṣẹ́ míì ṣiṣẹ́. A ní kí wọ́n dá owó tó kù padà, wọ́n ní ká lọ ka àdéhùn. A kà á. Ojú-ìwé mọ́kànlélógún ni, Òyìnbó lọ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ pé iléeṣẹ́ lè fòpin sí i nígbàkigbà, kì báà jẹ́ nítorí kí ni. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló fẹ́ kúrò ńkọ́? Kó kọ́kọ́ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, kó sì gbàgbé owó rẹ̀.

Kì í ṣe Ìkòròdú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ fóònù Verizon Wireless já àwọn tó ra ètò unlimited kúrò torí pé wọ́n lò ó jù. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2007, iléeṣẹ́ náà gbà láti dá mílíọ̀nù kan dọ́là padà fún nǹkan bí 13,000 oníbàárà. Ní 2014, FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, gbé iléeṣẹ́ fóònù AT&T lọ sílé ẹjọ́, torí ó ń dín eré àwọn oníbàárà unlimited kù, àwọn míì kò tíì lò ju 2GB lọ lóṣù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi fà á. Ní 2019, ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là ni AT&T san. Ibi tí ọ̀ràn náà ti yẹ kó kọ́ àwọn tiwa lọ́gbọ́n rèé: ẹ̀sùn wọn kò dá lórí pé wọ́n dín eré kù nìkan, bí kò ṣe pé wọn kò sọ ọ́ fún ẹni tó ń sanwó.

Nílé níbí, kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kí wọ́n ṣàlàyé ọjà fún un ní èdè tó yé e, ó sì lòdì sí àdéhùn tó rẹ́ ẹnì kan jẹ. NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, náà ní ìlànà tirẹ̀ lórí ohun tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Àjọ yìí kan náà ló fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fi ohun tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé owó wọn. A san án. Ẹni tó bá fọwọ́ sí owó tuntun ló yẹ kó bójú tó ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tajà.

Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, ẹ rántí ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001. Ẹni tó sọ “hẹ́lò” tí ìlà sì já, owó odindi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì sí bí àwọn ṣe lè máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, àwọn èèyàn pa fóònù wọn lódindi ọjọ́ láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọdún yẹn náà ni Glo dé, tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè lọ́wọ́ NCC kò ṣòro. Pátákó tó bá gbé “Unlimited” gbọ́dọ̀ gbé iye GB tí oníbàárà máa lò kí wọ́n tó dín eré rẹ̀ kù, àti eré tí yóò kù lẹ́yìn náà, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi bákan náà. Kí wọ́n kìlọ̀ fún oníbàárà lórí fóònù kó tó débẹ̀, ní èdè tó bá yàn. Kí wọ́n má sì sọ pé Yorùbá ṣòroó kọ, nítorí tí wọ́n bá fẹ́ ta orin ìpè fún ìyá wa, Yorùbá wọn máa ń já gaara. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ já oníbàárà kúrò gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní pàtó, kó ka ọjọ́ tó kù, kó dá owó rẹ̀ padà, kó sì ṣí ráútà tí onítọ̀hún fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ yín sun iléeṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Láìsí i, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Ẹ ya àwòrán pátákó tàbí ìwé ìpolówó tó mú yín ra á. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe 622, NCC ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní tiwa, a lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó já wa lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí a kọ lẹ́tà. A kọ ọ́, ojú-ìwé mọ́kànlélógún gbáko, Yorùbá látòkèdélẹ̀, a sì fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó wò ó, ó yí i pa dà, ó béèrè bóyá a lè túmọ̀ rẹ̀ fún òun. A ní kó lọ kà á.