Ta ló ní éékà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ni?

Ẹni bá ti wá ilẹ̀ rà rí ní Ìbàdàn, ní Mọ́wé tàbí ní Ẹ̀pẹ́ á ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ajẹ́ǹtì: "Éékà kan, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó sì ń dùn mí, torí owó tí àwọn èèyàn fi ọdún tù jọ ló ń bá a lọ.

Éékà ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀: sukúwà fíìtì 43,560, ìyẹn bíi sukúwà mítà 4,047. Ilẹ̀ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ tí Edmund Gunter, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tó gùn ní fíìtì 66, ni àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọn fi ń wọ̀n ọ́n láyé àtijọ́: ẹ̀wọ̀n kan níbùú, mẹ́wàá lóròó. Pulọ́ọ̀tì ní tiẹ̀, ẹni tó ń gé ilẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa tóbi tó.

Bó bá jẹ́ fíìtì 60 sí 120, mẹ́fà á wọ inú éékà lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 50 sí 100, mẹ́jọ ni. Bó bá jẹ́ 100 sí 100, mẹ́rin péré ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ mú 60 sí 120 yẹn. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà á gba sukúwà fíìtì 43,200. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju 360 lọ, ìyẹn yàrá kan tó jẹ́ fíìtì 18 sí 20. Ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà wọlé wá dà? Bí éékà náà bá dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ la ọ̀nà fíìtì 30 gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀nà yẹn nìkan á jẹ ohun tó lé ní 6,200. Pulọ́ọ̀tì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn. Àfi kí ọ̀nà ti wà níta ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni mẹ́fà fi lè pé.

Ìṣirò mìíràn tún wà tó ń da orí rú. Fíìtì 3.28 ló wà nínú mítà kan, àwọn kan á wá fi 3.28 pín sukúwà fíìtì 7,200 tí pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 jẹ́, wọ́n á ní ó di sukúwà mítà 2,195. Rárá! Ìbú àti òró la jọ ń yí padà, nítorí náà 3.28 lọ́nà 3.28, ìyẹn 10.76, la fi ń pín in. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 669. Mítà 18 sí 36 tí àwọn mìíràn ń pè ní 60 sí 120 kò sì tó bẹ́ẹ̀: 648 ni.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye sukúwà mítà tó wà nínú ìwé sọ̀fè, kẹ́ ẹ fi pín owó tí wọ́n dá lé e. Bí ẹni méjì bá dá iye kan náà lé pulọ́ọ̀tì, tí ti ọ̀kan jẹ́ sukúwà mítà 465 (ìyẹn fíìtì 50 sí 100), tí ti èkejì jẹ́ 669, ìgbà yẹn lẹ ó rí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n jù.