Ọ̀bẹ Tí Kò Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

"Ìyá, fáìlì yín ò tíì sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kan sọ lójú wa nìyí, ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya níbí. A ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Bí a bá dárúkọ ọ̀kan nínú ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún, méjìdínlógún yòókù á máa yọ ṣùtì sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ìyá tó ń bá sọ̀rọ̀, ará Ọ̀fà ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ta iṣu ní ìlú náà débi pé Haúsá rẹ̀ já geere ju ti àwa tí a jókòó tì í lọ. Ọmọ rẹ̀ wà látìmọ́lé. Májísíréètì ń sún ẹjọ́ síwájú ni, wọ́n ń retí ìwé ìmọ̀ràn tí ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ kọ, tí yóò sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀.

"Dákun, ọmọ mi, bá mi wò ó nínú ẹ̀rọ yẹn."

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. "Mà, ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́."

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, ẹnìkan sì gbé abọ́ mọ́ín-mọ́ín lé èkejì lórí. Wọ́n ti ra sọ́fítíwià kan tó yẹ kó máa sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ọdún kan péré ló fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó ọdún kejì délẹ̀ tí kò sẹ́ni tó san án, ó kú. Ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni, ó sì ti padà sí Àbújá. Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá fẹ́ tẹ ìwé ẹ̀sùn báyìí, fóònù ara rẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ṣọ́ọ̀bù onítẹ̀wé tó wà ní òdìkejì títì, á sì fi owó àpò rẹ̀ gbà á. Ẹ̀sùn ìpànìyàn, orúkọ ẹlẹ́rìí, àdírẹ́sì wọn, gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ọmọ tó ń ta káàdì ìpè mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ohun tó ká wa lára níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ kì í ṣe ilé iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Òun ni àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba yòókù máa ń gbé ìwé àdéhùn lọ bá kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé iṣẹ́ ọ̀nà bá fẹ́ gbé títì fún ẹnìkan, bí ilé iṣẹ́ ìlera bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara, àwọn amòfin wọ̀nyí ni wọ́n ń béèrè pé ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí agbaṣẹ́ṣe bá sá lọ. Ìgbà tó wá kan tiwọn, ìbéèrè pòórá. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò kàwé òfin, àwọn wọ̀nyí kà á.

Èrò wa ni pé kí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kankan má ṣe ra ẹ̀rọ mọ́, kí wọ́n máa ra iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe, kí wọ́n sì gbé àdéhùn náà sí gbangba kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ ìkẹyìn. Àádọ́ta kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́. Kí ìyá kan dé ẹnu ọ̀nà, kí akọ̀wé tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀, kó sì sọ fún un pé fáìlì ti wà lórí tábìlì ọ̀gá láti ọjọ́ Tuesday, iṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn sínú àdéhùn, tí wọ́n sì so owó mọ́ ọn, agbaṣẹ́ṣe tó gbé páálí sílẹ̀ tó lọ kò ní rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó gbà.

Òfin tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń rajà ti wà láti ọdún 2007. Òfin náà ní kí wọ́n kéde iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé síta nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, kí àwọn tó bá lè ṣe é wá díje. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba wá jókòó wòran, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ aráàlú. Ó ní owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá ààlà tí òfin fi sí i. Ẹni tó bá gé iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ kó má bàa dé iye tí àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ó kéré tán ọdún márùn-ún lẹ́wọ̀n ni, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Òfin àpapọ̀ ni o, kò ká ìpínlẹ̀ mọ́ ní tààrà. Ṣùgbọ́n Kwara ní tirẹ̀, ó sì ní àjọ tó ń mójú tó ìrajà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ti ṣe tiwọn, pàápàá lẹ́yìn tí Báńkì Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 2018, tí owó rẹ̀ jẹ́ 750 mílíọ̀nù dọ́là, tí ìpínlẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀ bí ó bá ṣe òfin ìrajà tó sì gbé àdéhùn rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó náà wọlé. Èwo nínú àdéhùn ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti fojú rí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìwé ìròyìn ò mọ bí nǹkan ṣe rí nínú ọ́fíìsì. A mọ̀ ọ́n díẹ̀. Owó tí wọ́n kọ sínú ìṣúná ní January lè má jáde títí di November, bí ó bá sì jáde, wọ́n á ní kí wọ́n ná an kí ọdún tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò padà sápò ìjọba. Ta ló máa ráyè béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ibi tí fáìlì ti ń há nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù? Ohun tó lè tètè dé ni wọ́n máa rà, ohun tó sì máa ń tètè dé ni ohun tó wà nínú páálí. Ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe ti kọmíṣánnà nìkan, ti gómìnà tó ń mú owó dání náà ni. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ Banex Plaza ní Wuse, l'Ábùjá, láàárọ̀ lè mọ iye tí kọ̀ǹpútà kan ń lọ kí oòrùn tó mú. Àìráyè kì í sọ owó ọjà di ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ dátà ló tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń dẹ́rù bà wá jù. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní June 2023 ní ẹni tó bá gbé ìwífún aráàlú fún ẹlòmíràn láti bá a tọ́jú gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lákọsílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìwífún náà bá sì jò sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí lọ́nà tó lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Nínú fáìlì ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni orúkọ ọmọdébìnrin tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ wà, ibẹ̀ ni àdírẹ́sì ẹni tó rí ajínigbé kedere tó sì gbà láti wá jẹ́rìí wà. Lágbègbè tí a ń gbé yìí, tí gbogbo wa mọ ohun tí ajínigbé lè ṣe, ẹ wá sọ fún wa pé ọmọ iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ló ni pásíwọ́ọ̀dù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìpínlẹ̀ ló ni gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, pé bí àdéhùn bá parí, agbaṣẹ́ṣe yóò kó o sílẹ̀ ní odindi lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè ṣí i, pé òṣìṣẹ́ ìjọba méjì ó kéré tán ni yóò mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni èyí máa gbà.

Bí wọ́n ṣe ń háyà amòfin láti ìta ńkọ́? Ìrajà ni ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í kà á sí i. Ìpínlẹ̀ ní agbẹjọ́rò tirẹ̀ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ ńlá bá dé, wọ́n á gba SAN (amòfin àgbà Nàìjíríà) kan tàbí méjì láti Àbújá. A ò ní kí wọ́n má gbà wọ́n. Ẹjọ́ mìíràn wà tó ju agbára ilé lọ. Ṣùgbọ́n ta ló yan amòfin náà, àwọn mélòó ni wọ́n bi léèrè iye tí wọ́n máa gbà, ẹjọ́ wo ló bá wọn ṣe, èló ni? Bí iye owó tí wọ́n fi kan kànga kan bá yẹ kó hàn sí aráàlú, ti amòfin àgbà náà yẹ kó hàn.

Àṣírí òwò ni wọ́n sábà máa ń fi dáhùn. Òfin òmìnira ìwífún ti ọdún 2011 fàyè gba kí wọ́n bo àṣírí òwò ẹni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ máa kéde àkójọ ìwé tó sọ nípa àdéhùn tó bá àwọn aládàáni ṣe, láì dúró de ẹni tí yóò béèrè. Ọ̀nà tí sọ́fítíwià ń gbà ṣiṣẹ́ lè jẹ́ àṣírí. Iye tí wọ́n fi owó orí wa rà á kì í ṣe àṣírí. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ a máa sọ pé òfin yẹn kò kàn wọ́n, Àbújá ni wọ́n ti ṣe é, kó máa ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ní April 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pa ẹnu wọn dé: ó kan ìpínlẹ̀ gbogbo.

Nítorí náà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Láàárín oṣù yìí, ìwé ìròyìn yìí yóò kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ sí jù lápá ibí, a ó sì béèrè ohun mẹ́rin péré: àdéhùn ẹ̀rọ àti sọ́fítíwià tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́ta, iye tí wọ́n san, ẹni tó ni pásíwọ́ọ̀dù, àti orúkọ àwọn amòfin tí wọ́n háyà láti ìta pẹ̀lú owó wọn. Òfin kò ní ká sọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ló fún wọn láti dáhùn. Èsì tí a bá rí, a ó tẹ̀ ẹ́ sójú ewé yìí. Èyí tí a kò bá sì rí, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, a ó kọ orúkọ ìpínlẹ̀ náà sórí rẹ̀.