Ṣé general knowledge lèyí, àbí kẹ́ ẹ kúkú ní ká lọ há dikíṣọ́nárì sórí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ní kí àwọn tó ń ṣe crossword inú pépà, eré tí wọ́n á ti fún ẹ ní clue, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìdáhùn, tí wàá máa fi lẹ́tà kún àwọn àpótí, tí ọ̀rọ̀ tó dùbúlẹ̀ àtèyí tó dúró á sì máa pàdé, máa pe nǹkan tí wọ́n ń ṣe yẹn ní general knowledge? Mo fẹ́ mọ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi débi pé tí mo bá ti rí àwọn àpótí dúdú àti funfun yẹn báyìí, orí á kọ́kọ́ fọ́ mi ná kí n tó mú bírò.

General knowledge témi mọ̀ ni kí wọ́n bi mí pé ìlú wo ni olú ìlú Nàìjíríà títí di 1991 kí wọ́n tó kó o lọ sí Àbújá, kí n kọ LAGOS, ó parí. Èèyàn mọ̀ ọ́n àbí kò mọ̀ ọ́n. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, wàá lọ béèrè, wàá sì ti kọ́ nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń gbé síwájú wa lójoojúmọ́ yìí wá ńkọ́? Wọ́n á kàn ṣí dikíṣọ́nárì, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á gé ìtumọ̀ ẹ̀ kù sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á wá ní kó o máa méfò. "Tree", lẹ́tà mẹ́ta. Igi wo? Ṣé ash ni, àbí elm, àbí oak, àbí fir, àbí yew? Lẹ́tà mẹ́ta ni gbogbo wọn, igi sì ni gbogbo wọn! Ibo wá ni ìmọ̀ wà níbẹ̀?

Èyí tó bí mi nínú jù ni "Speed", lẹ́tà mẹ́rin. Mo ti rí lẹ́tà kejì, A ni, mo ti rí ìkẹrin, E ni. Mo wò ó, PACE ni. Mo tún un wò, RATE náà wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Lẹ́tà kìíní àti ìkẹta ni mi ò ní, àwọn méjèèjì yẹn ò sì pàdé ọ̀rọ̀ kankan tó ń ti òkè bọ̀, ìyẹn ni pé kò sí nǹkankan láyé yìí tó máa sọ fún mi èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ti Amẹ́ríkà mọ̀ pé tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo lẹ́tà ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjì, tí èyí tó dùbúlẹ̀ bá pamọ́ sí ẹ lójú, èyí tó dúró á fà á jáde. Ti ìlú Ọba níbí, bí ìdajì lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ ló máa ń dá wà. Mi ò ní kí wọ́n yí i padà o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ ìwọ tó o mọ̀ pé ìdajì lẹ́tà ò ní olùrànlọ́wọ́, kí ló dé tó o tún lọ gbé clue ẹlẹ́nu méjì lé e lórí? Ṣé o fẹ́ pa wá ni?

Màmá òyìnbó kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, àwa méjèèjì la jọ máa ń ṣe é tí wọ́n bá ti mu tíì àárọ̀ tán. Mo fi PACE àti RATE hàn wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ rò ó rárá, wọ́n ní RATE ni, wọ́n ní RATE lẹni yẹn máa ń lò. Ilẹ̀ mọ́, ìdáhùn jáde, RATE lóòótọ́! Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé màmá mọ nǹkan kan nípa eré sísá tí mi ò mọ̀, pépà yẹn ni wọ́n ti ń rà láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ti mọ ìwà ẹni tó ń to crossword ibẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ìwà ọkọ wọn. Èmi tí mo dé ní àná àná yìí, níbo ni kí n ti mọ ìwà ẹni tí mi ò rí rí? Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé PACE témi náà tọ̀nà o, ẹ ṣí dikíṣọ́nárì tó bá wù yín.

Nígbà tá a wà ní kékeré wọ́n ń pa àlọ́ fún wa. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Ká tiẹ̀ ní o ò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti ní ahọ́n ni, kíá lo máa pariwo "hàáà!", torí o máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò lè jẹ́ nǹkan míì. Ta ló fẹ́ pariwo hàáà nítorí RATE? Cryptic tí gbogbo yín ń sá fún yẹn gan-an, crossword tí clue ẹ̀ máa ń dà bí àdììtú, ó ṣàánú èèyàn jù èyí lọ. Clue tiẹ̀ máa ń gba ọ̀nà méjì dé ibì kan náà, apá kan á sọ ìtumọ̀, apá kejì á fi àwọn lẹ́tà dárà títí ọ̀rọ̀ kan náà á fi jáde, tí méjèèjì bá ti pàdé o ti mọ̀ pé o ti gbà á nìyẹn, ọkàn ẹ á balẹ̀, o ò nílò kó o dúró de ìdáhùn ọjọ́ kejì.

Àrùn yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó lọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà, òun ló ṣe àkọ́kọ́, ó jáde nínú New York World ní 21 December 1913, Word-Cross ló pè é. Mo lọ wá a kà torí mo fẹ́ mọ ibi tí ìyà yìí ti wọlé. Ẹ gbọ́ clue tó wà níbẹ̀. "One", ìdáhùn ẹ̀: TANE. Ẹ gbà mí o, ta ló ń ka owó lọ́jà tó ń pè é ní tane? Ọ̀rọ̀ àwọn ará Scotland ni. "A fist", ìdáhùn ẹ̀: NEIF. "The fibre of the gomuti palm", ìdáhùn ẹ̀: DOH! Èmi tí abẹ́ ọ̀pẹ ni wọ́n ti wò mí dàgbà ò gbọ́ doh rí, ọ̀pẹ tiwọn yẹn ọ̀nà Indonéṣíà lọ́hùn-ún ló ti ń hù. Ó tún wá kọ "A bird" síbì kan, DOVE ni, ó kọ "A pigeon" síbòmíì, DOVE náà ni, nínú crossword kan ṣoṣo! Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni èyí tó kọ pé "What this puzzle is", ìdáhùn ẹ̀ ni HARD. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ nǹkan tóun ń ṣe o, ó mọ̀ dáadáa.

Dikíṣọ́nárì fúnra ẹ̀ ò ṣẹ̀ wá, ẹ má ṣì mí gbọ́. Chambers, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Edinburgh, tó jẹ́ pé òun làwọn tó ń ṣe crossword tó le gan-an máa ń gbé dání, ó kún fún èdè Scotland àtàwọn ọ̀rọ̀ ayé Shakespeare tẹ́nikẹ́ni ò sọ mọ́, àmọ́ ó tún láwàdà. Nǹkan tó kọ sábẹ́ éclair ni pé kéèkì ni, tó gùn ní ìrísí ṣùgbọ́n tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìyẹn dáa! Tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ ṣe clue màá rẹ́rìn-ín, màá sì rí i. Àmọ́ kí ni wọ́n máa kọ? "Cake", lẹ́tà mẹ́fà. Gateau ńkọ́? Muffin ńkọ́? Sponge ńkọ́? Tó o bá sì lọ gbé clue náà fún Google, ìdáhùn tó máa dà lé ẹ lórí á pọ̀ débi pé wàá tún ní láti lọ máa méfò láàárín wọn.

Nǹkan tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ dikíṣọ́nárì tí wọ́n lò sísàlẹ̀. Kẹ́nì kan sì jókòó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó wo àwọn àpótí tí kò ní lẹ́tà tó dábùú wọn, kó bi ara ẹ̀ pé ṣé ọ̀rọ̀ méjì ò lè wọ ibí. Ṣé ìyẹn náà le ni?

Torí ti Saturday tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. "West African people", lẹ́tà mẹ́fà. Inú mi dùn, mo ní wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa lónìí, mo fi bírò kọ YORUBA gàdàgbà. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn pàdé èyí tó ń ti òkè bọ̀, "African antelope", lẹ́tà márùn-ún, mo wò ó, NYALA, A pàdé A, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Màmá wá wo ojú mi, wọ́n rọra ní ṣé kì í ṣe FULANI? FULANI, lẹ́tà mẹ́fà. ORIBI, antelope, lẹ́tà márùn-ún, I pàdé I. KANURI náà tún wà níbẹ̀, lẹ́tà mẹ́fà, I ló parí sí! Àwọn lẹ́tà yòókù tó yẹ kó là wá níjà, clue wọn ò yé èmi, kò yé màmá. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Mo ní màmá, ẹ má bínú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò ní pa á rẹ́. Kí ẹni tó ṣe é wá bá mi níbí kó wá sọ fún mi lójú ara mi pé Yorùbá kì í ṣe West African people.